Ọwọ́ Tíṣà Nínú Amọ̀

Bí a bá ń pìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú Òṣogbo dó, ìkòkò ni a máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà ìtàn náà. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ló lé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n fi wá omi dé etí odò Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó tí wọ́n ń gé igi, igi ńlá kan wó sínú odò, ó sì fọ́ àwọn ìkòkò aró tí Ọ̀ṣun tò sísàlẹ̀ omi. Òrìṣà náà ké jáde, ó pè wọ́n ní oṣó inú igbó, ó ní wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Inú igbe yẹn ni wọ́n ti fa orúkọ ìlú náà yọ. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹnu ló ti sọ̀rọ̀ nípa igi tó wó, nípa odò, nípa májẹ̀mú tó wà láàárín ọba àti òrìṣà, àti nípa ọdún Ọ̀ṣun tí tilé toko ń rọ́ wá wò nínú oṣù kẹjọ. Àjọ UNESCO pàápàá kọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹni tó mọ àwọn ìkòkò náà nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè.

Bẹ́ẹ̀ ìkòkò kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọwọ́ ènìyàn ló ń mọ ọ́n, ọwọ́ obìnrin sì ni ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti wà kí ọ̀pọ̀ ìlú tó wà. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n tò sí ojú àgbàlá àti ojú ọ̀nà láyé àtijọ́, tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nàró bí ẹni to eyín sẹ́nu. Ìtàn ẹnu sì sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀ nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ní tirẹ̀. Ní Ìtagunmodi, tí kò jìnnà sí Iléṣà, àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe iṣẹ́ lórí irú ilẹ̀ alápàáàdì bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹni tó bá rò ó dáadáa yóò rí i pé kí àpáàdì tó lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìkòkò ti ní láti pọ̀. Kí ìkòkò sì tó pọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ ti ní láti pọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ mímọ ìkòkò yìí kan obìnrin kan ní Iléṣà lọ́nà tí kò rò tẹ́lẹ̀. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Ọdọọdún ni ètò ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà ń mú un kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń fi amọ̀ mọ nǹkan, ọdọọdún náà ló sì ń kọ ìgbésẹ̀ kan náà sójú pátákó: wa amọ̀, ṣa òkúta inú rẹ̀, pò ó, mọ ọ́n, sá a, sun ún. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á yege nínú ìdánwò, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ní sáà kan, ọmọkùnrin kan lọ ṣe ohun tó wà lójú pátákó nílé wọn. Ó wa amọ̀ létí odò, ó mọ ìkòkò kékeré kan, ó sì tì í sínú iná tí ìyá rẹ̀ fi ń dáná. Ìkòkò náà bú gbàmù, díẹ̀ ló kù kó da ọbẹ̀ nù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kó àfọ́kù rẹ̀ wá sí kíláàsì nínú ọ̀rá.

“Àǹtí, kí ló dé tó fi bú?”

Tíṣà ní ó lè jẹ́ pé amọ̀ náà ni kò dára. Ọmọ náà gbà, nítorí ọmọ a máa gba ohun tí tíṣà bá sọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò mọ ìdí rẹ̀, àti pé láti gbogbo ìgbà tí òun ti ń kọ́ni nípa amọ̀, òun kò fọwọ́ kan amọ̀ rí.

Báyìí ló ṣe di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Òṣogbo ní gbogbo Sátidé. Ọkùnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú iṣẹ́ ìkòkò ló ṣí kíláàsì fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé ilé tó ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, owó rẹ̀ kò sì kéré lójú ẹni tí ń gba owó oṣù tíṣà. Márùn-ún ni àwọn tó bá níbẹ̀: àgùnbánirọ̀ méjì, aṣerunlóge kan, òṣìṣẹ́ báǹkì kan tí dókítà ní kó wá nǹkan fi ọwọ́ ṣe kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, àti ọkùnrin kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wálé fún ìsinmi.

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Òṣogbo ni irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ wà. Ìlú tó ti mọ bí ẹni tó ti dàgbà ṣe ń padà di akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní 1962 ni wọ́n dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, lọ́dọ̀ Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier; ní 1964 ni Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọnà kankan rí jọ, òmíràn nínú wọn jẹ́ eléré orí ìtàgé, ó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Rufus Ògúndélé, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Bùráímọ̀ àti Twins Seven Seven ti jáde, tí orúkọ wọn sì dé òkè òkun. Ní 1983, Nike Davies, tí ayé mọ̀ sí Nike Okundaye lónìí, ṣí ilé ọnà tirẹ̀ ní ìlú kan náà, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti bàtíìkì láìgba kọ́bọ̀. Aṣọ, àwòrán, ìlẹ̀kẹ̀: ìwọ̀nyí ni Òṣogbo fi gbajúmọ̀. Ìkòkò kò gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láìsí ìkòkò, àwọn aláró àtijọ́ kì bá tí rí ohun tí wọn yóò ti re aṣọ.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ojú gbogbo wọn wà lára kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò tó wà ní igun àgbàlá. Olùkọ́ kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó gbé amọ̀ tó tó orí ọmọdé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n pò ó. Wọ́n pò ó. Ó ní kí wọ́n tún un pò. Pípo amọ̀ jọ pípo ìyẹ̀fun búrẹ́dì lójú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ yàtọ̀: ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ẹni tí ń po amọ̀ ń lé afẹ́fẹ́ jáde ni. Nígbà tó ṣe, olùkọ́ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gé amọ̀ Tíṣà sí méjì, ó sì fi inú rẹ̀ hàn án. Ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́, gbòǹgbò koríko kan wà níbẹ̀, òkúta kan tí kò tó ata wẹẹrẹ náà sì wà níbẹ̀.

“Ẹ rí i, mà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe.”

Ọmọ náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ pátápátá. Kò sí ẹni tó ti ní kí Tíṣà tún nǹkan ṣe láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ó tún un ṣe. Nígbà tí yóò fi wọ ọkọ̀ padà sí Iléṣà nírọ̀lẹ́, apá rẹ̀ kò gbé ṣókè mọ́, kò sì tíì mọ nǹkan kan. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú pé àwọn kò sanwó nítorí àtipo ẹrẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò padà wá mọ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ amọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìwé máa ń gbé e fò. Amọ̀ tó dán, tó kúnná, tó rọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe òun ló dára jù fún ìkòkò ìdáná. Omi pọ̀ nínú rẹ̀. Bí omi náà bá ń gbẹ, ara amọ̀ a máa sún kì, bí ó bá sì sún kì láìdọ́gba, yóò sán. Ìdí nìyí tí àwọn amọ̀kòkò fi ń fi nǹkan tó le lù ú: yanrìn níbòmíràn, àpáàdì tí wọ́n gún kúnná níbòmíràn. Àwọn hóró wọ̀nyí ló ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún omi láti gbà jáde, àwọn náà ni kì í jẹ́ kí iná bá ìkòkò lójijì. Ìkòkò tó ti fọ́ ni wọ́n ń gún sínú èyí tí wọ́n fẹ́ mọ. Tíṣà kọ èyí sínú ìwé kékeré tó mú lọ, ó sì fa ìlà méjì sí ìdí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ ní kí wọ́n ki àtàǹpàkò bọ àárín amọ̀ róbótó, kí wọ́n máa fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di abọ́. Ọmọdé lè ṣe é. Ibi tí àgbà ti ń ṣìṣe ni pé ó fẹ́ kó tètè jọ nǹkan. Abọ́ Tíṣà jọ nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nípọn bí ìdí odó, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Kó tó di Sátidé kejì, ẹnu ti gbẹ nígbà tí ìdí ṣì tutù, ìlà kan sì ti là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olùkọ́ kò bá a wí. Ó da omi sí i, ó ní kó padà di amọ̀. Inú obìnrin náà dùn sí èyí ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ohun tí a bá ti fi yíǹkì pupa fagi lé kì í padà di ìwé funfun.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n gun orí rẹ̀ níkẹyìn, amọ̀ òṣìṣẹ́ báǹkì fò kúrò níbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Kẹ̀kẹ́ yára, ó sì wuni, ṣùgbọ́n àlejò ni nínú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Ìjọba amúnisìn àti ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé e dé. Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ní Abuja ìgbà náà, èyí tí à ń pè ní Suleja báyìí. Ọkùnrin ló kọ́kọ́ kó jọ síbẹ̀. Ní 1954, obìnrin Gbagyi kan darapọ̀ mọ́ wọn, Ladi Kwali, ẹni tó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, tí ìkòkò rẹ̀ sì ti wà láàfin ẹmíà Abuja kí Cardew tó rí i. Ó kọ́ kẹ̀kẹ́, ó kọ́ bí a ti ń fi ohun dídán bíi gíláàsì bo ara ìkòkò, ó kọ́ iléru tí ooru rẹ̀ ń lé ní 1200°C. Ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ tó gbà láti ilé sílẹ̀. Àwọn ìkòkò ńlá tó sọ ọ́ di olókìkí, ọwọ́ ló fi mọ wọ́n, tó ń yí wọn po, tó sì ń ya alángbá àti àkekèé sí wọn lára. Nígbà tó yá, ẹni tó wọ kíláàsì di ẹni tí wọ́n ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: Magdalene Odundo, ọmọ Kẹ́ńyà tó di ìlúmọ̀ọ́ká amọ̀kòkò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó dé ibùdó náà ní àwọn ọdún 1970 wá kọ́ bí a ti ń fọwọ́ mọ ìkòkò. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Ladi Kwali lọ́lá ní 1977. Ó kú ní 1984. Láti 2007 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lẹ́yìn owó 20 náírà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ná owó náà kò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí.

Ohun tó ń ká Tíṣà lára jù ní kíláàsì náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi ń pe gbogbo nǹkan tí wọ́n ń mọ, kì í ṣe pé ó kórìíra Yorùbá. Bí wọ́n ti kọ́ òun náà nìyẹn. Nígbà tí Tíṣà béèrè orúkọ wọn ní èdè wa, ìkòkò àti àwo nìkan ló wá sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, ìkòkò kì í ṣe orúkọ nǹkan kan ṣoṣo. Ìṣaasùn ni a fi ń se ọbẹ̀. Àmù ni ó ń jókòó sí igun ilé tí omi inú rẹ̀ ń tutù. Orù ní ọrùn tóóró, òun ni a fi ń pọnmi. Agbada gbòòrò lẹ́nu, inú rẹ̀ ni àkàrà ti ń dín. Ẹni tó bá ṣi ohùn rẹ̀ pè yóò di ẹni tí ń dín àkàrà nínú aṣọ. Ajere ní ihò lára, kólòbó kò ju ohun tí ọwọ́ kan gbà lọ. Bí a bá sì dé ara ìkòkò fúnra rẹ̀, ó ní ẹnu, ó ní etí, ó ní ọrùn, ó ní ikùn, ó ní ìdí. Ọmọ tó bá mọ àwọn orúkọ wọ̀nyí ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí ẹnu yóò ṣe fẹ̀ tó àti bí ìdí yóò ṣe rí. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé “mọ ìkòkò” yóò kàn mọ nǹkan róbótó ni.

Olùkọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì fi ṣe ìjà. Ó ní ibi kan wà tí òun lè mú wọn lọ tí wọn yóò ti gbọ́ àwọn orúkọ náà lẹ́nu ẹni tó ń lò wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, gbogbo wọn wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan, wọ́n lọ sí Ìpetumodù.

Ìpetumodù, lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀, wà lára àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìkòkò ní ilẹ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ Dada ní Òkèlele, Ìlọrin. Ìyá tí wọ́n lọ bá níbẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó gba ìkúnlẹ̀ wọn, ó béèrè ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó da ojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀. Ó wọ́n eérú sí ìdí rẹ̀ tó yọ síta kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni tẹ́ aṣọ lé e, ó sì ń lù ú, ó ń lù ú, títí ó fi bo ìdí náà yíká. Nígbà tó bá gbẹ díẹ̀, yóò yọ ọ́ kúrò, yóò gbé e jókòó sórí òṣùká, yóò wá máa to amọ̀ gígùn bí okùn lé e lórí títí yóò fi di ọrùn àti ẹnu. Kẹ̀kẹ́ kankan kò sí níbẹ̀. Ìkòkò dúró sójú kan. Ìyá ló ń yí i ká, tó tẹ̀ ba, tó ń fi ẹ̀yìn rìn, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde, àkísà tútù lára etí ìkòkò. Ara rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́.

Wọ́n ní kí Tíṣà dán an wò. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú ń kọ́ ọ. Ìyá mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sún un sókè bí ìwọ̀n ìka kan, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà fẹ́ béèrè, nítorí ẹ̀kọ́ tí kò ní àlàyé kì í ṣe ẹ̀kọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé amọ̀ náà kò wọ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Ìyá ló béèrè tirẹ̀.

“Tíṣà, èló lo san níbi tí o ti ń kọ́ ọ?”

Tíṣà sọ iye tó san. Ìyá pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ-ọmọ mi mẹ́ta ló wà nínú ilé yìí, obìnrin ni gbogbo wọn. Ọ̀fẹ́ ni mo ní kí n kọ́ wọn. Wọ́n ní èékánná àwọn á bàjẹ́.” Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Kí lo wá fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni, Ìyá.”

“Ṣé wọn óò rí i fi jẹun?”

Tíṣà kò dáhùn. Ó lè ti sọ̀rọ̀ nípa àṣà, nípa ohun àjogúnbá, nípa gbogbo ohun tí a máa ń sọ ní ìpàdé àpérò. Ṣùgbọ́n iwájú ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà ló wà, ó sì wo ẹ̀yìn yẹn, ó dákẹ́.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni bú àwọn ọmọ-ọmọ wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ ìkòkò wúwo: wíwa amọ̀, rírù ú, títẹ̀ ẹ́, ooru iná, ìfọ́kù tí kò sẹ́ni tí yóò san owó rẹ̀. Abọ́ tánganran, ìkòkò alumíníọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì oníke ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn, fìríìjì sì gba iṣẹ́ àmù. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń dárò ìkòkò lórí pèpéle, omi inú ike là ń mu níbẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni bí nǹkan ṣe yí padà: ohun tí ọmọ ilé ń sá fún lọ́fẹ̀ẹ́ ni àlejò ń sanwó kọ́. Àlejò náà kò sì lè rí gbogbo rẹ̀ rà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè fún un ní abọ́ kan àti ìkòkò òdòdó kan. Kò lè fún un ní ọdún mẹ́wàá tí ọmọbìnrin ilé amọ̀kòkò fi ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ kó tó di pé wọ́n ní kó jókòó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí kíláàsì parí, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè mọ àmù, ká má tíì wá sọ ìkòkò aró. Bí àwọn bí Ìyá bá lọ, ta ni yóò mọ ọ́n? Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́.

Kì í ṣe pé ìkòkò kò ní ìlò mọ́. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa tí ìdílé wọn jẹ́ amọ̀kòkò, fi hàn láti 1995 pé bí a bá gbé ìkòkò kan sínú òmíràn, tí a fi yanrìn tútù dí àárín wọn, omi tí ń gba ara amọ̀ jáde yóò máa gbé ooru lọ. Ìgbá tí í bàjẹ́ lọ́jọ́ 3 lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 27. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ọgbọ́n àmù ni, kò sí nǹkan míì níbẹ̀: amọ̀ tí iná kò sun dí ń mí. Ìkòkò tó dán bíi gíláàsì níta kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n èyí kò tíì tó láti dá àwọn ọmọbìnrin ilé Ìyá padà sídìí amọ̀.

Ọjọ́ sísun ni Tíṣà rí ìdáhùn tó tìtorí rẹ̀ jáde nílé. Wọ́n ti padà sí Ìpetumodù ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ pẹ̀lú ohun tí kálukú mọ, tí wọ́n ti sá sí abẹ́ òjìji fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó gbé e sínú oòrùn. Ìyá kò kó wọn sínú iná. Ó kọ́kọ́ to wọ́n yí ẹ̀gbẹ́ iná kékeré kan ká, ó ń yí wọn padà bí ẹni ń yan iṣu. Ìgbà náà ni olùkọ́ ṣàlàyé: amọ̀ tó gbẹ lójú ṣì ní omi nínú; bí ooru bá dé 100°C lójijì, omi náà yóò di ooru gbígbóná níbi tí kò ti rí ọ̀nà jáde, yóò sì fọ́ ìkòkò láti inú. Tíṣà rántí àfọ́kù inú ọ̀rá. Amọ̀ ọmọ náà dára. Ìkánjú ló bà á jẹ́, ìkánjú náà sì wà lójú pátákó, nítorí “sá a, sun ún” kò gbà ju ìlà kan lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n to ìkòkò jọ, wọ́n fi igi gbígbẹ, imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko bò wọ́n, wọ́n sì ṣáná sí i. Nígbà tí ooru bá lọ sí bíi 600°C, amọ̀ kò tún jẹ́ amọ̀ mọ́. Omi kò lè sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà. Àwọn babaláwo ti fi èyí pa àlọ́ ayé. Nínú ẹsẹ Ifá, Àjàlá ni ń mọ orí fún ènìyàn lọ́run, ó sì jẹ́ onígbèsè tí kì í fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ yan orí níbẹ̀: Òrísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìjà, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú orí tí iná kò sun jinná. Nígbà tí òjò bá wọn lọ́nà ayé, orí wọn yọ́ dànù. Ẹni tó bá ti dúró níwájú iná ìkòkò ní Ìpetumodù rí mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yẹn ti rí ìkòkò tó yọ́ nínú òjò.

Wọ́n fi igi gígùn yọ àwọn ìkòkò jáde bí wọ́n ti pọ́n, wọ́n sì wọ́n omi èèpo èso igi tí a fi ń ṣe irú sí wọn lára. Ó hó ṣàà, ó sì sọ wọ́n di dúdú. Nínú mẹ́ta tí Tíṣà mọ, ọ̀kan ti là sí méjì láti inú iná. Méjì tó kù dúró, ojú wọn jọra, bátànì ṣùkù àgbàdo tó yí kiri ara wọn sì hàn kedere.

Ìyá gbé àwọn méjèèjì síwájú rẹ̀. Ó fi eegun ìka kan èkíní, ó tún kan èkejì, kò sì sọ ohun tó gbọ́.

“Ọ̀kan ti sán nínú. Èwo ni?”

Tíṣà kan èkíní. Ó kan èkejì. Ó ní ohùn kan náà ni wọ́n ń dún létí òun.

“Kì í ṣe ohùn kan náà. Tún un kàn.”

Ó tẹ etí sílẹ̀ mọ́ ẹnu ìkòkò, ó sì tún un kàn.